Ìkìlọ̀ fún àwọn tó ń ra cystatin C ti eku ní Abuja

Mo ń kọ ìkìlọ̀ yìí sí gbogbo ẹlẹgbẹ́ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí, láti Gwagwalada àti Idu títí dé Zaria àti Vom, nítorí pé alágbàtà kan wà ní àárín ìlú Abuja tó ń ta ayédèrú cystatin C ti eku, puròtéènì kan tí a ń lò fún ìwádìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń bójú tó ra ìgò méjì lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ cystatin C ló wà lára ìgò, ṣùgbọ́n kò sí cystatin C nínú èyíkéyìí. Ẹ̀sùn ṣì wà nílẹ̀, nítorí náà n kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà ṣòwò tó láti fi dá a mọ̀.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé ọjà ti wà nínú fírísà òun níbí, pé kò sí ìdúró, kò sí wàhálà kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá ti retí ohun èlò láti òkè òkun rí yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn fi ń dùn létí. Bó bá ti gbọ́ pé Yorùbá ni yín, yóò yí èdè padà lójú ẹsẹ̀, yóò máa pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àbúrò, yóò sì ní òun kò jẹ́ rẹ́ ọmọ ilé jẹ ní ìlú onílùú. Gbogbo owó pátá ló ń gbà ṣáájú, sínú àkáǹtì ara rẹ̀ dípò ti ilé-iṣẹ́, kò sì sí àdírẹ́sì lórí rìsíìtì rẹ̀.

Cystatin C jẹ́ puròtéènì kékeré, nǹkan bíi kilodalton 13 (ìwọ̀n tí a fi ń wọn puròtéènì), tó máa ń dí àwọn ensáìmù tó ń gé puròtéènì lọ́wọ́, irú bíi cathepsin B, cathepsin L àti papain. Wọn kì í fa èyí tí wọ́n ń tà fún ìwádìí jáde lára eku. Àbùdá eku ni wọ́n ń fi sínú bakitéríà tàbí sẹ́ẹ̀lì mìíràn kí ó lè máa ṣe é, lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ ọ́ di mímọ́, tí wọ́n á sì gbẹ ẹ́. Máíkírógíráàmù 50 tí wọ́n ń tà nínú ìgò kò tó ohun tí ojú lásán lè yẹ̀ wò, ibẹ̀ gan-an sì ni oníjìbìtì ti ń rí ààyè.

Nígbà tí a sáré ohun inú ìgò lórí jẹ́ẹ̀lì SDS-PAGE, tó ń ya àwọn puròtéènì sọ́tọ̀ bí wọ́n ṣe tóbi tó, tí a sì fi aró Coomassie kùn ún, kò sí ìlà kankan ní kilodalton 13. Ìlà kan ṣoṣo tó nípọn ló wà ní nǹkan bíi 66, níbi tí albumin inú ẹ̀jẹ̀ màlúù, BSA olówó pọ́ọ́kú tí gbogbo wa mọ̀, máa ń dúró sí. Owó tí wọ́n san fún máíkírógíráàmù 50 yẹn ì bá ra ọ̀pọ̀ gíráàmù BSA! Alágbàtà náà fèsì pé wọ́n fi BSA sí i kí puròtéènì má bàa lẹ̀ mọ́ ara ìgò ni. Òótọ́ ni pé àwọn tó ń ṣe é máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, BSA náà sì lè pọ̀ débi pé jẹ́ẹ̀lì kò ní fi puròtéènì fúnra rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò tí òun alára fi ránṣẹ́ sọ pé kò sí BSA nínú rẹ̀ rárá. Nígbà tí ìyẹn kò gbè é, ó di ẹ̀bi ru iná mọ̀nàmọ́ná, ó ní wọ́n mú iná lọ lọ́dọ̀ wa, ooru ló bà á jẹ́. Ooru lè ba puròtéènì jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ 13 di 66.

A wá dán iṣẹ́ rẹ̀ wò. Papain, tó ń wá láti inú oje ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n, kò wọ́n, cystatin C gidi sì máa ń dì í mú pinpin. A da papain pọ̀ mọ́ Z-FR-AMC, kẹ́míkà kan tó máa ń tan ìmọ́lẹ̀ bí ensáìmù bá ti gé e. E-64, kẹ́míkà tó máa ń dí papain lọ́wọ́, tí a fi ṣe òdiwọ̀n, dá ìmọ́lẹ̀ náà dúró. Ohun tó wà nínú ìgò méjèèjì kò dá nǹkan kan dúró, bí a tilẹ̀ ń fi kún un. Ẹ ṣáà rántí pé àyẹ̀wò yìí kò lè sọ bóyá ti eku ni tàbí ti ènìyàn, nítorí pé àwọn méjèèjì ló ń dí papain lọ́wọ́; fún ìyẹn, ẹ nílò antibody (puròtéènì tó máa ń lẹ̀ mọ́ ohun kan pàtó) tó lè dá ti eku mọ̀ yàtọ̀ sí ti ènìyàn, tàbí mass spectrometry, tó ń wọn ìwúwo àwọn ègé puròtéènì.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ gba àwòrán ìgò gan-an pẹ̀lú nọ́ńbà lot rẹ̀ (nọ́ńbà ìpele tí wọ́n ṣe é), kí ẹ sì kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Wọ́n dá wa lóhùn pé antibody ló ni nọ́ńbà tó wà lára ìgò wa. Ilé-iṣẹ́ náà tún lè sọ ẹni tí wọ́n fọwọ́ sí láti máa bá wọn tajà ní Nàìjíríà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á, ẹ má ṣe dá ìgò padà fún un bó bá ní òun fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rí yín nìyẹn. Ẹ fi pamọ́ sí -20°C, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀rí tíránsífà àti gbogbo ọ̀rọ̀ orí WhatsApp. A ti kọ ìwé ẹ̀sùn sí àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo oníbàárà, a sì ń múra láti gbé e dé ọ̀dọ̀ EFCC. Alágbàtà náà tún ń polówó TIMP-1 àti SLPI ti eku, àwọn puròtéènì mìíràn tó ń dí ensáìmù lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti ra èyíkéyìí nínú wọn, kí ó fi àwòrán ìgò àti nọ́ńbà lot ránṣẹ́ sí mi kí ìwé náà tó lọ.