Ewì ẹja tí kò sí nínú ìwé tí mo rà: àgbéyẹ̀wò ilé ìtàwé àlòkù kan ní São Paulo

Ewì tí mo torí rẹ̀ ra ìwé kò sí nínú ìwé náà. Ohun tó mú mi jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà. Àkójọ ewì Adélia Prado, obìnrin akéwì ará Bùràsíìlì, ni mo rà ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìtàwé àlòkù tó wà láàárín ìlú São Paulo, irú èyí tí àwọn ará Bùràsíìlì ń pè ní sebo. Orí WhatsApp la ti dúnàádúrà. Ẹni tó dá mi lóhùn ní ìwé náà pé, ó mọ́, kò sì ya níbì kankan. Mo fi reais 48, owó Bùràsíìlì, ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, mo sì san reais 12 lọ́tọ̀ fún ẹni tí yóò gbé e wá sílé.

Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ará ìlú yìí ní èdè Yorùbá, ewì ni èmi náà sì fi kọ́ èdè Potogí tiwọn. Láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ akéwì wọn ti pa ọ̀rọ̀ ńláńlá tì, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ilé ìdáná àti ti ojú títì kọ ewì. Nínú ìwé kan tí Manuel Bandeira tẹ̀ jáde lọ́dún 1930, ewì kan wà tó pè ní ohun tí òun yọ láti inú ìwé ìròyìn: alábàárù kan tó ń gbé inú ahéré tí kò ní nọ́ńbà lórí òkè Babilônia ní Rio wọ ilé ọtí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó mu, ó kọrin, ó jó, lẹ́yìn náà ó bẹ́ sínú ọ̀sà Rodrigo de Freitas, ó sì kú sómi. Akéwì kò sunkún, kò wàásù, kò sọ ìdí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kà á, mo dìde kúrò lórí àga.

Síbẹ̀, Adélia Prado ni tèmi. Divinópolis ní ìpínlẹ̀ Minas Gerais ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1935, òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá rẹ̀, olùkọ́ ni òun fúnra rẹ̀, ó sì jẹ́ ìyá ọmọ márùn-ún. Ẹni ogójì ọdún ni nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1976, lẹ́yìn tí Carlos Drummond de Andrade, àgbà akéwì ìgbà náà, ti ka iṣẹ́ rẹ̀ tó sì gbè é lẹ́yìn. Lọ́dún 2024 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Camões, tí kò sí èyí tó jù ú lọ fún àwọn tó ń fi èdè Potogí kọ̀wé.

Ìwé dé lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Mo ṣí i síbi tí ewì ẹja yẹ kó wà, kò sí níbẹ̀. Mo ka ojú ewé, mo tún un kà: mẹ́rìndínlógún ni kò sí. Ní ẹ̀yìn ìwé, níbi tó yẹ kí wọ́n lẹ̀ mọ́, gọ́ọ̀mù gbígbẹ ló kù, ó pọ́n, ó sì ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí mi lọ́wọ́. Mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́. Èsì tí mo rí gbà ni pé ìwé àlòkù ni, àwọn kì í gbà á padà. Mo kọ ọ́ sí i pé òfin ààbò oníbàárà tí orílẹ̀-èdè yìí ṣe lọ́dún 1990 fún ẹni tó bá ra ọjà láìdé ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ méje láti dá a padà. Ó ka á, kò fèsì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè, kò gbé e.

Ní àárọ̀ Sátidé mo wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lọ bá wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà lẹ́yìn káńtà. Mo kí i, ó mi orí láìgbé ojú kúrò lára fóònù. Mo gbé ìwé síwájú rẹ̀, mo ṣàlàyé. Ó fi ìka kan ṣí i, ó wo ibi tó já, ó wá bi mí pé, "Màdáámù, ṣé ó dá yín lójú pé kì í ṣe ilé yín ló ti já?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó lọ. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò tilẹ̀ kì í ṣẹ́ etí ewé ìwé. Mo sọ fún un pé n kò ní kúrò níbẹ̀ títí tí ọ̀gá rẹ̀ yóò fi dé, mo sì lọ dúró síbi pẹpẹ ewì.

Ibi tó ti yẹ kí n yìn wọ́n rèé, mo sì gbọ́dọ̀ yìn wọ́n. Pẹpẹ náà wà létòlétò. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń kọ iye owó sí igun ewé àkọ́kọ́, wọn kì í lẹ bébà mọ́ èèpo ìwé. Mo rí ìwé Cora Coralina níbẹ̀ ní ẹ̀dà mẹ́ta, ìyá àgbà tó ń se ohun dídùn tà ní ìlú Goiás, tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún kí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lọ́dún 1965.

Mo ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ìyá àgbàlagbà kan jáde láti ẹ̀yìn ilé, búrọ́ọ̀ṣì gọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń tún ìwé tó bá já ṣe níbẹ̀. Wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ mi, wọ́n fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì wí fún ọmọkùnrin náà pé òun fúnra rẹ̀ ni kò yẹ ìwé wò kó tó tà á. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ewé ìwé kì í wà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń ṣẹ́ ẹ pọ̀ ní ìdì ìdì, olójú ewé mẹ́rìndínlógún, tó fi jẹ́ pé bí gọ́ọ̀mù bá gbẹ, odindi ìdì kan ló ń jábọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, "Ọmọ mi, èwo lo ń wá nínú rẹ̀?" Mo ní ti ẹja.

Wọ́n gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké e láti orí.

Nínú ewì náà, àwọn obìnrin kan ń sọ pé bí ó bá wu ọkọ àwọn kó lọ pẹja, kó tún un ṣe fúnra rẹ̀. Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ ní tòun kọ́, wákàtí yòówù kó jẹ́ lóru, òun á dìde bá a ha ìpẹ́, òun á bá a là á, òun á bá a fi iyọ̀ sí i. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà ní ilé ìdáná, ìgúnpá ń kan ìgúnpá. Nígbà tí ìyá náà dé ibi tí ọkọ ti ń júwe bí ẹja ṣe ń jà lókè omi, ọwọ́ wọn tó kún fún gọ́ọ̀mù gbéra, ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé fóònù sílẹ̀.

Àwọn obìnrin tí mo ń kọ́ ní Yorùbá bá mi jiyàn lórí ewì yìí rí. Wọ́n ní kí ló dé tí ìyàwó yóò fi máa dìde lóru nítorí ẹja ẹlòmíràn. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, mo mọ ohun tí ẹja tútù ń ṣe sí ọwọ́ lóru. Mo tún mọ̀ pé àkókò yẹn gan-an ni ìyá mi àti bàbá mi máa ń bára wọn sọ̀rọ̀ tí kò ní ìjà nínú, nítorí ọwọ́ wọn dí, ojú wọn sì wà nílẹ̀. Adélia Prado kò pàṣẹ fún obìnrin kankan. Ìgúnpá méjì tó kan ara wọn ló rí, ó sì mọ̀ pé ìgbéyàwó wà níbẹ̀.

Ìyá náà fa bébà tí wọ́n fi ń di ìwé ya, wọ́n jókòó, wọ́n sì fi pẹ́ńsù kọ gbogbo ewì náà sílẹ̀ fún mi, láìwo ibì kankan. Nígbà tí mo délé, mo yá ẹ̀dà mìíràn, mo fi wéra: ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ṣì kọ. A fẹnu kò pé kí n mú ìwé lọ, kí wọ́n dá ìdajì owó padà, reais 24. Wọ́n tún lẹ ẹ̀yìn ìwé náà, wọn ò gba kọ́bọ̀.

Ìwé náà wà lórí tábìlì mi báyìí, bébà ìyá náà wà láàárín rẹ̀ níbi tí ewé mẹ́jọ ti já. Mo fún ilé ìtàwé náà ní ìràwọ̀ 5 nínú 5. Reais 24 mi kò tíì wọlé títí di òní.