Máìkì BOYA BY-M1: òun ni mo fi ń gba ohùn àwọn àgbà wa fún tẹlifíṣọ̀n àdúgbò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé máìkì wo ni mò ń so mọ́ àwọn ìyá àtàwọn bàbá nínú íntáfíù wa, òun rèé o, BOYA BY-M1. Olókùn ni, kì í ṣe àwọn aláìlókùn tó wà láyà gbogbo ọmọ TikTok báyìí. Kò tó ogún dọ́là nígbà tí mo rà á, ó sì ti lé lọ́dún méjì tó ti wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí mò ń lò ó sí. Níbí ní Maryland l'Amẹ́ríkà, káńtì wa (bí ìjọba ìbílẹ̀ ni) ní ṣánẹ́ẹ̀lì aráàlú lórí tẹlifíṣọ̀n kébù, public access ni wọ́n ń pè é. Òfin kan tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní 1984 ló jẹ́ kí ìlú lè sọ fún kọ́ńpìnnì kébù pé kó yọ ṣánẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ fún aráàlú, ibẹ̀ la ti ń ráyè. Tó o bá ń gbé ní káńtì, tó o sì ti ṣe kíláàsì wọn tán, wọ́n á yá ẹ ní kámẹ́rà àti iná, kọ́bọ̀ ò ní jáde lápò ẹ, ìyẹn tó ò bá ti fẹ́ fi polówó ọjà. Máìkì tiwọn dáa ju tèmi lọ fíìfíì, àmọ́ Sátidé tá a ráyè náà ni gbogbo káńtì ráyè, kó o tó débẹ̀ wọ́n ti gbé e lọ.

Okùn ẹ̀ gùn, mítà 6 gbáko. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i mo ní kí leléyìí, ṣé a fẹ́ so ewúrẹ́ ni? Àmọ́ mítà 6 yẹn ló jẹ́ kí n lè gbé kámẹ́rà dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, kí màmá jókòó sórí àga tó mọ́ wọn lára, kí wọ́n gbàgbé pé nǹkan kan ń wò wọ́n. Àgbà tó bá ti rí kámẹ́rà nítòsí imú, òyìnbó ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Fóòmù tó máa ń bo orí ẹ̀ wà níbẹ̀ náà, tèmi ti di ìtàn, ọmọ mi ló mọ ibi tó kó o sí.

Ibi tí wàhálà ti máa ń wá ni aṣọ. O ò lè sọ fún màmá ẹni ọdún 78 pé kí wọ́n má múra wá sórí tẹlifíṣọ̀n. Èyí tá a ṣe lóṣù tó kọjá, léèsì olókùúta ni wọ́n wọ̀, iyùn ọ̀nà méjì lọ́rùn, ìborùn léjìká. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti mí, iyùn á gbá máìkì, kò, kò, kò, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Mo ní "ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi yọ ìlẹ̀kẹ̀ yìí díẹ̀", wọ́n wò mí títí, wọ́n ní ṣé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ àwọn ni. Mo yáa dọ̀bálẹ̀. Etí ìborùn lápá òsì la padà fi í sí, iyùn ò débẹ̀, ohùn sì mọ́ ketekete. Okùn ẹ̀ ńkọ́, abẹ́ bùbá ló yẹ kó gbà kó má bàa hàn, àmọ́ ọkùnrin ni mí, kí lọwọ́ mi ń wá lábẹ́ bùbá ìyá oníyàá, ọmọ wọn obìnrin ni mo máa ń kó o fún.

Gbogbo ẹ̀gbẹ́ ló ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ o, kì í ṣe iwájú nìkan, torí náà AC àti fíríìjì máa wọlé. Èmi máa ń pa fíríìjì, màá wá ju kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi sínú ẹ̀ kí n má bàa lọ sílé láìtàn án padà.

Wàyí o, bọ́tìnnì. Ó wà lára àpótí kékeré orí okùn, ọ̀nà méjì ló ní, fóònù tàbí kámẹ́rà. Tó bá wà ní kámẹ́rà, bátìrì LR44 inú ẹ̀ ló ń gbé e, tó o bá sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, bátìrì á máa jẹ lọ nìyẹn. Tó bá wà ní fóònù, bátìrì ò ṣiṣẹ́, fóònù ló ń fún un níná. Ẹ̀bi tèmi ni eléyìí, mi ò ní parọ́: bàbá kan bá wa sọ̀rọ̀ fún 40 ìṣẹ́jú, bí wọ́n ṣe dé Amẹ́ríkà ní 1974 tàwọn ti àpótí kan ṣoṣo, wọ́n sunkún, èmi náà sunkún, mo délé, ohùn dà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú kànga. Fóònù ni mo fi bọ́tìnnì sí, kámẹ́rà ni mo kì í bọ̀. Mi ò sì lo headphone, mo ń wò ó pé àfojúdi ni kí n máa fi nǹkan dí etí lójú àgbà. A padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, bàbá ní "ṣebí mo ti sọ ọ́ fún ẹ", ìṣẹ́jú 9 ni wọ́n fi sọ ọ́ tán, ẹkún ò sí níbẹ̀ mọ́.

Nítorí ẹ̀ ni mi ò ṣe ń jẹ́ kí wọ́n sọ ìtàn tán lórí fóònù kó tó dọjọ́. Màá pè, màá béèrè ọdún, ìlú, fọ́tò àtijọ́ tó wà nílé, tí wọ́n bá ti fẹ́ wọnú ọ̀rọ̀ gangan màá ní "ẹ bá mi fi pamọ́ mà, ó di Sátidé". Ẹ má sì béèrè "ṣé inú yín dùn lọ́jọ́ yẹn", "bẹ́ẹ̀ ni" lẹ máa gbà, ó parí. "Ẹ sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ dé ibí fún mi", ìyẹn ló ń là wọ́n lẹ́nu.

Ẹni tó bá ń lo iPhone 7 sókè, ẹ ra àdápítọ̀ mọ́ ọn, torí kò níhò tẹ́ ẹ máa kì í sí. Èmi ti ra ìkejì, tọkọtaya kan ló ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ọ̀kan máa wà nínú kámẹ́rà, ìkejì nínú fóònù, torí bí mo ṣe mọ ìyàwó yẹn, wọn ò ní jẹ́ kí ọkọ dá sọ̀rọ̀.