Kí Apple ṣe odindi tẹlifíṣọ̀n, àbí kó dúró sórí àpótí kékeré?

Ní nǹkan bí ọdún 2011, ariwo gba ìgboro pé Apple fẹ́ ṣe tẹlifíṣọ̀n oníntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ó ti ní àpótí kékeré kan, Apple TV, tó ń gbé fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì wá sójú tẹlifíṣọ̀n.

Àpótí náà jáde lọ́dún 2007 ní dọ́là 299. Nígbà tó fi máa di 2010, ó ti já wálẹ̀ sí dọ́là 99. Ẹ ki okùn HDMI, èyí tó ń gbé àwòrán àti ohùn, bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n tó ti wà nílé, ẹ tan iná sí i, ó parí. Bó bá gbó, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n yín ò bá wọn dá sí i. (Steve Jobs, ọ̀kan lára àwọn tó dá Apple sílẹ̀, fúnra rẹ̀ pe àpótí náà ní iṣẹ́ àfipawọ́.)

Odindi tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Adùn tiẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ kan ló ni gbogbo rẹ̀: gíláàsì, ohùn, rìmóòtù. Kò ní sí pé à ń tú tìmùtìmù àga wá rìmóòtù kejì kí àwòrán tó yọ. Àmọ́ èrè orí tẹlifíṣọ̀n tín-ín-rín, ẹrù rẹ̀ sì tóbi. Ẹni tó ń pààrọ̀ fóònù lọ́dún méjì-mẹ́ta lè lo tẹlifíṣọ̀n kan fún ọdún méje. Ibẹ̀ gan-an ló ti burú: kọ̀ǹpútà inú ẹ̀ á ti di arúgbó nígbà tí gíláàsì ṣì ń dán.

Àpótí ni èmi fara mọ́. Ó jọ pé Apple náà rí i bẹ́ẹ̀: ní 2019, dípò kó ṣe tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀, orí tẹlifíṣọ̀n Samsung ló gbé áàpù tí wọ́n fi ń wo fíìmù rẹ̀ lọ. Amazon ní tirẹ̀, tóun náà ń ta irú àpótí bẹ́ẹ̀, fi odindi tẹlifíṣọ̀n kún un ní 2021.