Àgbéyẹ̀wò Tábìlì Irin Onítáyà Tí Bàbá Ajórin Kan Ṣe fún Mi ní Adó-Èkìtì

Ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ irin, tí gáréèjì ilé rẹ̀ kò sì gbà ju ọkọ̀ kan lọ, ni mo ń kọ èyí fún. Tábìlì tó dúró gbagidi sójú kan kò wúlò fún irú wa, torí tí ọkọ̀ bá ti wọlé, iṣẹ́ ti parí lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi lọ bá bàbá ajórin kan ní àdúgbò Ajílósun pé kó ṣe tábìlì tí mo lè tì jáde síwájú ilé bí mo bá fẹ́ gé irin, kí n sì tì í wọlé kíá bí òjò bá ṣú. Mo ti jó irin lórí rẹ̀, mo ti fi òòlù ńlá lù ú, mo ti gun orí rẹ̀ pààrọ̀ gílóòbù. Tábìlì gidi ni. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti rí èrè owó mi kò sí lórí rẹ̀ o, ìsàlẹ̀ lẹ́sẹ̀ ló wà.

Orí rẹ̀ ni àlejò máa ń kọ́kọ́ yìn. Pélèètì mílímítà 6 ni, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní gígùn, 2 ní ìbú. Òun nìkan wọn nǹkan bíi kílò 35, òun ló sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí mo san. Àwọn ajórin kan á sọ fún yín pé mílímítà 3 tó. Fún ẹni tó kàn fẹ́ to ẹrù lé e, ó tó. Ẹni tó bá fẹ́ jórin lórí rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbà, torí irin fẹ́lẹ́ a máa wọ́ bí iná bá ń bà á léraléra, òòlù a sì máa dá kòtò sí i.

Ohun tó wù mí nínú ọwọ́ bàbá náà ni sùúrù. Kò jó etí pélèètì yíká lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jó díẹ̀ níbí, ó bọ́ sí òdìkejì, ó tún jó díẹ̀ níbẹ̀, ó dúró kó tutù. Ooru ló ń ba tábìlì jẹ́: irin tó gbóná a máa súnkì bó bá ń tutù, á sì fa pélèètì wọ́. Kó tó jó férémù pa, ó na téèpù láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́, ó na ti èkejì náà. Ìgbà tí iye méjèèjì bára mu ló tó tẹ̀síwájú. Ọmọ Ìrè-Èkìtì ni, ìlú Ògún Onírè, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Ó wá kan ẹsẹ̀. Kásítà mẹ́rin, ìyẹn irin onítáyà tí wọ́n ń dè mọ́ ìdí ẹsẹ̀ tábìlì, ló wà níbẹ̀, táyà wọn jẹ́ íǹṣì 5. Mo rin kinkin mọ́ íǹṣì 5 yìí torí ìńtálọ́ọ̀kù ló wà níwájú ilé mi, táyà kékeré á sì máa há sí àárín òkúta. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń yí ọrùn, kí n lè yí tábìlì sójú kan nínú gáréèjì tó há. Méjì ní bíréékì tó ń di táyà àti ọrùn mú pọ̀. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó rà. Tó bá jẹ́ táyà nìkan ni bíréékì náà ń dì mú, ọrùn á ṣì máa yí, tábìlì á sì máa mì lábẹ́ ọwọ́ yín.

Tábìlì náà fúnra rẹ̀ tó kílò 80. Tí fáìsì (irin tó ń fi ẹnu di nǹkan mú), ẹ̀rọ ìjórin àti irin tí mo ń ṣiṣẹ́ lé lórí bá dé, ó lè súnmọ́ 200. Ẹ má pín 200 yìí sí mẹ́rin o. Lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú, táyà mẹ́ta ló sábà máa ń gbé ẹrù, ìkẹrin á kàn fara kan ilẹ̀ lásán. Mẹ́ta ni kí ẹ fi pín in: bíi kílò 67. Èyí tí wọ́n kọ kílò 100 sí lára ni mo rà. Bóòtì ni bàbá fi dè wọ́n, kò jó wọn mọ́ ẹsẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn pátápátá. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, sípánà ni màá mú. Yàtọ̀ síyẹn, síńkì ni wọ́n fi bo irin kásítà náà, èéfín síńkì tó ń jó sì lè mú ènìyàn gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ooru á tún yọ́ gírísì inú rẹ̀ dànù.

Èyí tó borí gbogbo rẹ̀ ni àbá bàbá fúnra rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, bíréékì wà kó má baà yí lọ. Tí o bá wá fẹ́ fi òòlù lu nǹkan lórí rẹ̀ ńkọ́?” Ó jó nọ́ọ̀tì ńlá mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ki bóòtì gígùn bọ̀ ọ́, ó jó irin pẹlẹbẹ sí ìdí bóòtì náà. Tí mo bá ti ti tábìlì débi tí mo fẹ́, màá fi sípánà yí bóòtì wálẹ̀ títí táyà á fi kúrò nílẹ̀ díẹ̀. Bóòtì ló ń gbé ẹrù nígbà náà, mo sì lè fi wọ́n mú tábìlì tẹ́jú lórí ilẹ̀ tó dagun. Mo ti fi gbogbo agbára fa irin tó wà lẹ́nu fáìsì, kò mì. Ó ń gba àsìkò díẹ̀ láti yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àsìkò náà kò dùn mí rárá. Ẹ sọ fún ajórin yín kó ṣe é, kódà bí yóò bá gba owó lé e.

Àléébù wà. Ọjọ́ tó dá kò pé. Ó ní kò síná, epo jẹnẹrétọ̀ sì wọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kó pè mí. Etí pẹpẹ ìsàlẹ̀ mú débi pé ó lè géni, èmi ni mo fi fáìlì pa á. Èyí tó bí mi nínú jù ni pé ó kun orí tábìlì lọ́dà lẹ́yìn tí mo ti ní kó fi í sílẹ̀. Ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná áàsì (wáyà ẹ̀rọ ìjórin tí a ń so mọ́ tábìlì) kọjá dáadáa, tó bá sì jó, èéfín rẹ̀ burú. Mo ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Irin tí kò lọ́dà a máa tètè dípaàrà lásìkò òjò, torí náà mo máa ń fi àkísà tó ní ọ́ìlì díẹ̀ pa á lára, màá sì nù ún mọ́ kí n tó tún jórin.

Ní ti gíga, ẹ jẹ́ kí ajórin wọ̀n yín lórí ìdúró, pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Tèmi jẹ́ sẹ̀ntímítà 90. Kásítà íǹṣì 5 nìkan ga tó sẹ̀ntímítà 15; kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú gígùn ẹsẹ̀ kí wọ́n tó gé páìpù. Òkè ẹsẹ̀ kan gan-an ni kí fáìsì wà, kó má jẹ́ àárín, kí ẹ sì to ohun tó wúwo sí pẹpẹ ìsàlẹ̀ kí tábìlì má baà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹ bá ń tì í.

Mi ò kọ iye owó síbí torí owó irin kì í dúró sójú kan. Ẹ ní kí ajórin yín kọ owó pélèètì, páìpù àti iṣẹ́ ọwọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ ara yín lọ ra kásítà.