Ike trunking tó bá mi kó wáyà tẹlifíṣàn pamọ́

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Wọ́n wá kí wa ní Àpáta níbí, wọ́n jókòó, wọ́n gbójú sókè wo tẹlifíṣàn ínṣì 50 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kọ́ ara ògiri, wọ́n ní, “Ìyàwó mi, kí ló ń rọ̀ wálẹ̀ bí ìfun ewúrẹ́ yìí?” Mo ní wáyà ni, Mà. Ọkọ mi kàn ń rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Àwọn tó bá wa gbé e kọ́ ti gba owó wọn lọ. Wáyà mẹ́rin ni wọ́n fi sílẹ̀ tó ń fì láàárín tẹlifíṣàn àti tábìlì dẹ́kódà: wáyà iná, HDMI méjì (wáyà tó ń gbé àwòrán àti ohùn wọ tẹlifíṣàn), àti wáyà olórí mẹ́ta ti DVD àtijọ́ tí àwọn ọmọ ò jẹ́ kí n jù nù.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí wọ́n gbẹ́ ògiri, kí wọ́n ri páìpù sínú rẹ̀, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì bò ó. Ìyẹn ló dáa jù lójú, n ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ilé ayálégbé là ń gbé, bàbá onílé ò sì fẹ́ gbọ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù àwọn. Yàtọ̀ síyẹn, orí HDMI fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2. Inú páìpù 20mm tí àwọn oníná sábà máa ń rì mọ́ ògiri ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, orí náà ò lè gba ibẹ̀ kọjá, kì í sì í ṣe wáyà iná tí wọ́n á gé, tí wọ́n á tún so padà. Tó bá wá bàjẹ́ lọ́jọ́ kan ńkọ́?

Bí mo ṣe ra trunking nìyẹn, ike funfun gbọọrọ tó ní ìdérí. Ẹ ó kan ìdí rẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ ó tẹ́ wáyà sínú rẹ̀, ẹ ó sì tẹ ìdérí rẹ̀ pa. Orí HDMI ò ní ihò kankan láti gbà kọjá.

Ní ìsọ̀ tí mo ti rà á ní Ògùnpa, ọmọkùnrin tó ń tajà bi mí pé, “Mà, wáyà mélòó ni?” Mo ní mẹ́rin. Ó na 40×25 sí mi, ìyẹn bó ṣe fẹ̀ sí àti bó ṣe jìn sí ní mílímítà. Mo wo owó rẹ̀, mo wo 16×16 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo mú kékeré. “Ẹ máa padà wá, Mà,” ló wí, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Mo padà lọ. HDMI ò gbọ́ràn rárá, ẹ tẹ̀ ẹ́, á tún na ara rẹ̀. Tipátipá la fi pa ìdérí náà dé. Ní nǹkan bí aago méjì òru, a gbọ́ “pàá!” ní páláà. Ọkọ mi gbé ìgbálẹ̀, ó rò pé eku ni. Ìdérí ló fò kúrò, ó wà lórí kápẹ́ẹ̀tì, wáyà sì ti yọ ikùn síta bí aláboyún. Ẹ ra 40×25, ẹ má ṣahun.

Ẹjọ́ gidi tí mo ní pẹ̀lú ike yìí ni gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ní ká ṣáà bó bébà kúrò ká lẹ̀ ẹ́. Irọ́ ni. Irú ọ̀dà tó ń ràn mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ bí ẹfun ni wọ́n fi kun ilé wa, ara ẹfun yẹn ni gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́, kò lẹ̀ mọ́ ògiri. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ó ṣí láti òkè, ó rọra ń tẹ̀ síwájú bí ẹni ń kí àgbà. Bọ̀dá oníná àdúgbò wa ló wá fi dírílì lu ihò mẹ́ta, tí wọ́n ki fíṣà (ike kékeré tó ń di síkúrù mú nínú ògiri) bọ̀ ọ́, tí wọ́n fi síkúrù dè é. Kò mira mọ́. (Bàbá onílé ò tíì rí ihò náà.)

Bọ̀dá yìí náà ló ní kí n má ṣe kó wáyà iná pọ̀ mọ́ HDMI nínú ike kan náà. Bí 16×16 tí mo ti pè ní àdánù ṣe rí iṣẹ́ nìyẹn, wáyà iná nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Àwọ̀ òrí ni ògiri wa, nítorí náà ike funfun méjèèjì hàn ketekete bí ilà pélé. Mo fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù kùn wọ́n, ọmọ mi fi èékánná hó o kúrò láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àfìgbà tí mo fi sáńpépà ha ara ike náà kí n tó tún un kùn ló tó dì mú.

Màá fún un ní 7 nínú 10, mo sì máa tún un rà. Ọmọńlé nìkan ni mi ò tíì rí ojútùú rẹ̀. Ó ti fi ibi tí ike náà ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn tẹlifíṣàn ṣe ilé. Mo ki fóòmù bọ òkè, ó gba ìsàlẹ̀ wọlé.