Bẹ́líìtì, ìbọ̀pá àbí ọ̀pá rọ́bà: kí ni kí ẹni tí ìgúnpá ń dùn rà, bí kò bá fẹ́ fi irin gbígbé sílẹ̀?

Ife omi ló tú àṣírí ìgúnpá mi. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fa irin kílò 100 kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, apá mi kò wí nǹkan kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo na ọwọ́ sí ife tó wà lórí tábìlì, mo gbé e dé ìdajì ọ̀nà, ni ìrora bá ta mí ní ìta ìgúnpá ọ̀tún bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún mi. Gbogbo omi náà dà sí mi lára. Ife lásán o.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi bá a fà á, mi ò sì fi jíìmù sílẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Láàárín àsìkò yẹn, ó kù díẹ̀ kí n ra gbogbo ohun tí wọ́n ń tà fún ìgúnpá tán. Àwọn kan ṣì wà nínú àpò tí mo ń gbé lọ jíìmù; àwọn kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ náà ni wọn yóò sì wà.

Ibo gan-an ló ń dùn yín?

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ na apá síwájú, kí àtẹ́lẹwọ́ dojú kọ ilẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kejì tẹ ẹ̀yìn ọwọ́ náà wálẹ̀, kí èyí tí ẹ nà síwájú máa tì í padà sókè. Bí ìrora bá ta ní eegun tó yọ gọngọ ní ìta ìgúnpá, èyí tí wọ́n ń pè ní tennis elbow nìyẹn, bí ẹ ò tilẹ̀ tíì fọwọ́ kan rákẹ́ẹ̀tì rí láyé yín. Bó bá jẹ́ eegun inú, ìhà tó kọjú sí ara, ló ń dùn nígbà tí ẹ bá ń ká ọrùn ọwọ́ wọlé, golfer's elbow ni. Àwọn tó fẹ́ràn kí wọ́n máa rọ̀ mọ́ ọ̀pá, kí wọ́n máa fa ara wọn sókè, mọ̀ ọ́n dáadáa. Bó bá sì jẹ́ ṣóńṣó ẹ̀yìn ìgúnpá ló ń dùn nígbà tí ẹ bá ń ti irin lọ sókè, triceps, ẹran tó wà lẹ́yìn apá lókè ìgúnpá, ni ẹjọ́ kàn.

Bẹ́líìtì ìgúnpá, fún àwọn méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣe é. Ẹni tí ẹ̀yìn ìgúnpá ń dùn tó lọ rà á, ẹ̀gbà ọwọ́ ló rà.

Ohun kan tún wà tí páálí ọjà kì í sọ. Orúkọ tí wọ́n ń pe irú ìrora yìí, tendonitis, ń sọ pé okùn iṣan tó so ẹran apá mọ́ eegun ti wú, ó sì ń gbóná. Bó bá ti pẹ́ lára, wíwú kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn fọ́nrán okùn iṣan náà ti rú, wọn ò tò mọ́, bí ìdí okùn tó ti ń tú. Ẹrù tí a fún un níwọ̀nba, tí a ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, ló ń mú un tún ara rẹ̀ hun. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni ọjà ìgúnpá pín sí: èyí tó máa jẹ́ kí ẹ lè ṣe jíìmù tòní, àti èyí tó ń tún okùn iṣan ṣe. Àwọn tó ń tà á kì í yà wọ́n sọ́tọ̀ fún yín.

Bẹ́líìtì àbí ìbọ̀pá?

Bẹ́líìtì ni ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní tìmùtìmù kékeré nínú, tí wọ́n ń kọ "tennis elbow strap" tàbí "counterforce strap" sí lára páálí. Ó ń tẹ ẹran apá mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀ ìgúnpá, kí agbára tó ń fa okùn iṣan má baà dé orí eegun tán. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi dè é mọ́ orí eegun tó ń dùn gan-an, tí mo sì ń bú ẹni tó tà á fún mi. Kì í ṣe ibẹ̀. Ẹ fi ìka méjì sí mẹ́ta wọ̀n ọ́n láti orí eegun náà wá sí ìhà ọrùn ọwọ́. Ibi tí ẹran ti ga sókè bí ẹ bá di ẹ̀ṣẹ́, ibẹ̀ ni tìmùtìmù rẹ̀ ń jókòó sí. Bí ẹ bá di ẹ̀ṣẹ́, kí ẹ mọ̀ ọ́n lára pé ó ń tẹ̀ yín. Bí ìka bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó yín wìnnìwìnnì, ó ti le jù. Ẹ máa tú u bí ẹ bá ń sinmi.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ wò ó bóyá ọwọ́ kan lè dè é. Ọwọ́ tó wọ̀ ọ́ kò lè ran yín lọ́wọ́, èyí tí mo kọ́kọ́ rà sì nílò eyín mi kó tó fún.

Ìbọ̀pá yàtọ̀. Neoprene, irú rọ́bà rírọ̀ kan, ni wọ́n fi ń ṣe é, a ń fà á bọ apá bí ìbọ̀sẹ̀ tí kò ní ìdí, orúkọ rẹ̀ lára páálí sì ni "elbow sleeve". Kò tẹ ojú kan ju òmíràn lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú ìgúnpá gbóná, kó sì fún un pọ̀, èyí tó ń tu ẹni tí ẹ̀yìn ìgúnpá ń dùn lára gan-an, àti ẹni tí apá rẹ̀ máa ń gan nígbà tó bá gbé ọ̀pá irin lé èjìká láti jókòó dìde. Èyí tó nípọn tó mìlímítà 5 àti èyí tó jẹ́ 7 ló wọ́pọ̀. Ẹ mú 5. Èyí tó jẹ́ 7 le débi pé ó ń ti apá padà fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ká a, ẹ ó wá máa rò pé ara ti yá, ẹ ó sì gbé ohun tí okùn iṣan yín kò tíì lè gbé. Ẹ wo ibi tí ẹni tó ṣe é ní kí ẹ wọn apá sí, torí àwọn kan ń wọ̀n ọ́n ní oríkèé ìgúnpá, àwọn mìíràn ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí ẹ sì máa fọ̀ ọ́. Òórùn neoprene tó ti mu òógùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má jẹ́ kó ṣojú yín.

Fún ìta tàbí inú ìgúnpá, bẹ́líìtì. Fún ẹ̀yìn ìgúnpá, ìbọ̀pá. Mo ti wọ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, kí ẹ̀jẹ̀ má fi ríbi gbà ni mo bá dé.

Ohun tó yà mí lẹ́nu: okùn aṣọ lásán

Ìbéèrè tó ń dà mí láàmú ni pé, kí ló dé tí irin tí a ń fi ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn fà kúrò nílẹ̀ ń dun ìgúnpá? Ẹ di ẹ̀ṣẹ́ yín le báyìí, kí ẹ sì fi ọwọ́ kejì kan ẹ̀yìn apá láti ìgúnpá wálẹ̀. Ẹran ibẹ̀ le gbagidi, àbí? Àwọn ìka tó ń dì mọ́ nǹkan fẹ́ fa ọrùn ọwọ́ wọlé, àwọn iṣan ìta ló sì ń dá a dúró. Bí ẹ bá ṣe ń di irin mú tó ni ìta ìgúnpá ń jìyà tó. Ìyà náà wà nínú dídì mú ju gbígbé lọ.

Okùn aṣọ tí wọ́n ń pè ní lifting strap, tí a ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ tí a sì ń wé mọ́ irin, gba iṣẹ́ dídì mú yẹn kúrò lọ́wọ́ ìka. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lò ó, mo fa irin kan náà, mo dúró kí ìrora dé, kò dé. Ó ran inú ìgúnpá lọ́wọ́ pẹ̀lú, torí ibẹ̀ ni iṣan tó ń ká ìka wọlé ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ní owó ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́, òun ni n ó kọ́kọ́ rà, ṣáájú bẹ́líìtì. Àwọn ará jíìmù á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé okùn ló ń bá yín gbé irin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́.

Ẹ ra èyí tó ní ojóbó kan lórí, kó jẹ́ òwú. Náílọ́ọ̀nù ń yọ̀, ó sì ń ge ọwọ́. Èyí tí wọ́n rán bí 8 le gan-an, ṣùgbọ́n kò ṣeé jù sílẹ̀ kíákíá bí nǹkan bá yíwọ́. Bí apá bá ti ń sàn, ẹ máa fi ọwọ́ lásán gbé àwọn tó fúyẹ́, kí ọwọ́ má baà gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.

Ìdè ọrùn ọwọ́ tó ní irin pẹlẹbẹ nínú ni àwọn kan ń fi wé e. Ó dára fún iṣẹ́ ilé àti orí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi di irin mú.

Ọ̀pá rọ́bà àbí dumbbell?

Ibí yìí la ti ń tún okùn iṣan ṣe. FlexBar tí TheraBand ń ṣe ni ọ̀pá rọ́bà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀; àwọ̀ rẹ̀ ló ń sọ bó ṣe le tó: yẹ́lò ló rọ̀ jù, lẹ́yìn náà pupa, àwọ̀ ewé, kí ó tó kan búlúù. Ní ọdún 2010, Tyler àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí rẹ̀. Ènìyàn 21 péré ni wọ́n lò, ṣùgbọ́n àwọn tó fi yíyí ọ̀pá yìí kún ìtọ́jú wọn sàn ju àwọn tó gba ìtọ́jú tó wọ́pọ̀ nìkan lọ, ìyàtọ̀ náà kò sì kéré.

Bí a ṣe ń ṣe é fún ìta ìgúnpá rèé: ọwọ́ tó ń dùn di ìsàlẹ̀ ọ̀pá mú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn. Ọwọ́ tó dá di òkè mú, ó sì lọ́ ọ̀pá náà. Ẹ na apá méjèèjì síwájú, ẹ má jẹ́ kó tú. Nígbà náà ni kí ọwọ́ tó ń dùn jẹ́ kí ọ̀pá yí padà jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ẹ bá kà dé mẹ́rin. Ìgbà 15, ọ̀nà mẹ́ta, lójoojúmọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pupa, bí ẹ ti wù kí ẹ lágbára tó. Mo fi ìgbéraga mú àwọ̀ ewé, mo sì padà wá ra pupa.

Dumbbell, irin kékeré tí a ń fi ọwọ́ kan gbé, tó jẹ́ kílò 2 lè ṣe irú iṣẹ́ yìí: ẹ gbé apá lé itan, kí ọwọ́ yọ kọjá orúnkún, àtẹ́lẹwọ́ sísàlẹ̀. Ọwọ́ tó dá ló ń bá a gbé e sókè, ọwọ́ tó ń dùn ló ń sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá ti ní dumbbell nílé, ẹ ò ní láti ra rọ́bà. Èmi rà á, mi ò sì kábàámọ̀: jíìmù ni dumbbell tèmi wà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mo sì ń lọ. Ọ̀pá rọ́bà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, n kì í ríbi sá fún un.

Ìrora díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe é kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí 10 bá jẹ́ èyí tó le jù, ẹ má jẹ́ kó kọjá 3, kó má sì burú sí i ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ife omi ni mo fi ń dán tèmi wò.

Èyí tí mi ò ní fowó rà mọ́

Rọ́bà tí a ń fi bo irin kó lè nípọn, àwọn bíi Fat Gripz. Ọ̀pá irin fúnra rẹ̀ kò ju bíi mìlímítà 28 sí 29 lọ. Bó bá ti sanra jù bẹ́ẹ̀, ìka ní láti dì í mú le gan-an, ẹ sì ti mọ ẹni tó ń jìyà rẹ̀. Ìbọ̀pá tí wọ́n ní bàbà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú: aṣọ rẹ̀ lè fún apá, ṣùgbọ́n bàbà kò lọ síbì kan.

Jẹ́ẹ̀lì diclofenac ń dín ìrora kù fúngbà díẹ̀, bí ẹ ò bá ṣáà fi pa á kí ẹ lè fi ẹrù kún irin. Abẹ́rẹ́ kọ́tísóònù ni kí ẹ rò dáadáa. Nínú ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA ní ọdún 2013, pẹ̀lú ènìyàn 165, lẹ́yìn ọdún kan, àìsàn náà padà sára ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gbà á, sára ìdá 12 péré nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́ omi lásán.

Àwọn kan tún wà tí kò sí ọjà kankan fún. Bí ìka ọmọdinrin àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá ń kú tìpìrì, nerve, okùn tó ń gbé ìmọ̀lára, lè ní ọwọ́ nínú rẹ̀; ẹ lọ rí dókítà. Bí ẹ bá sì gbọ́ "pọ́!" níwájú ìgúnpá nígbà tí ẹ ń gbé irin, tí ibẹ̀ sì dúdú kí ilẹ̀ tó mọ́, okùn iṣan lè ti já. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ kọrí sí lọ́jọ́ náà gan-an, torí èyí tó já, bí ó bá ti pẹ́ sí i ni rírán rẹ̀ ń le sí i.