Ṣọ́ọ̀bù tó bá mi parí ìjà fọ́ǹtì ní Pánṣẹ́kẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ Yorùbá sórí kọ̀ǹpútà l'Ábẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Ètò ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó ni mo máa ń tẹ̀ jẹun, oríkì ló sì máa ń kún inú ẹ̀, àmì ohùn ò gbọdọ̀ yẹ̀ rárá. Mo wá gbé láptọ́ọ̀pù lọ síbì kan (ẹ má bi mí ibẹ̀) kí wọ́n bá mi fi Office tuntun sí i, wọ́n ṣe é, wọ́n tún da fọ́ǹtì (ìrísí lẹ́tà) rẹpẹtẹ sí i látinú fláàṣì wọn, wọ́n ní ẹ̀bùn ni. Ẹ̀bùn kẹ̀! Mo délé mo ṣí ètò ìsìnkú ìyá kan ní Ìtòkú, iṣẹ́ ọ̀la o, gbogbo àmì ti bọ́ kúrò lórí ọ́ àti ẹ́, wọ́n lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé. Mo sáré padà, wọ́n ní àfi kí wọ́n fọ́máàtì ẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ wò ó.

Aládùúgbò mi kan ló júwe ṣọ́ọ̀bù kékeré yìí fún mi, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, àtẹ̀gùn ẹ̀ ga fún ẹni tórúnkún ń dùn. Ọmọ tó wà níbẹ̀ ní "Mọ̀mí, ẹ jókòó ná," ó wá ń bi mí léèrè, ohun tó wù mí jù nìyẹn. Ó ní ọ́ ò ní àyè tiẹ̀ nínú Unicode (ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà) bí é ṣe ní, ọ la máa kọ́kọ́ tẹ̀ kí àmì tó gùn ún, fọ́ǹtì ló sì mọ ibi tó máa gbé àmì yẹn kà. Fọ́ǹtì Times New Roman méjì ló bá lórí ẹ̀rọ mi! Ọ̀kan ti Windows fúnra ẹ̀, èkejì ògbólógbòó látinú fláàṣì ọjọ́sí, tí ò mọ nǹkan kan nípa àmì, inú AppData, fódà kan tí Windows máa ń fi pamọ́, ló sá pamọ́ sí, torí láti 2018 ni Windows 10 ti ń jẹ́ kéèyàn fi fọ́ǹtì sábẹ́ orúkọ tiẹ̀ nìkan, fáìlì irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀ kì í sì í sí nínú C:\Windows\Fonts. Ògbólógbòó yẹn ni Word mi ń mú lò.

Ó pa á rẹ́, ó dá Font Cache (ohun tí Windows fi ń kó ìsọfúnni fọ́ǹtì pamọ́) dúró, ó nu ohun tó ti kó jọ, ó pa ẹ̀rọ ó tún un tàn. Àmì padà sórí! Ó tún bá mi fi fọ́ǹtì Charis SIL sí i, ọ̀fẹ́ ni, ó sì fi hàn mí níbi tí màá ti sọ fún Word pé kó di fọ́ǹtì mọ́ inú fáìlì kí n tó gbé e fún atẹ̀wé (PDF lèmi ṣì máa ń gbé lọ sha, ọkàn mi ò tíì balẹ̀).

₦3,000 ló gbà. Àléébù wọn? Jẹnẹrétọ̀ wọn ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, àga kan péré ló wà, mo sì lo wákàtí méjì gbáko torí iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má lọ ní Sátidé, èrò máa ń pọ̀ jù.